Ẹ̀mí Mímọ́ Kò Béèrè Ìṣáná

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ kà á tán ná. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa pariwo "Iná!" nínú àdúrà, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí, èmi náà sì wà níbẹ̀.

1.
Ọdún 2018 ni. Fẹ̀sọ̀jayé ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Berlin, ó ń gbé nínú ilé àtijọ́ alájà márùn-ún ní àdúgbò Neukölln. Ìwé tó máa jẹ́ kí òun àti Morísọ́lá, ìyàwó rẹ̀, lè gbé Germany títí ló ń wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ́fíìsì àwọn àjòjì ti dá ìwé rẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ kan ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Keller, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí gbogbo ayálégbé ń kó ẹrù sí. Kí ló rí láàárín ẹrù Lukas, aládùúgbò rẹ̀? Ojú onígi mẹ́fà, oníwo, ahọ́n pupa, eyín wọn ta síta. Lukas ní bàbá òun ló gbẹ́ wọn, pé àwọn máa ń gbé e bojú jó lọ́dọọdún lábúlé àwọn.

"Egúngún òyìnbó ni!" Fẹ̀sọ̀jayé ké sí ìyàwó rẹ̀. "Òrìṣà jókòó lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ìwé wa ṣe máa jáde?"

"Olówó orí mi, ìwé owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ní ẹ ò fi sí i. Ṣé egúngún ló ní kẹ́ ẹ má fi sí i?"

2.
Fẹ̀sọ̀jayé gbé fóònù. Ó pe Alàgbà Ògúnṣọlá, baba àdúrà kan tó ń gbé Wilhelmsburg, ní Hamburg. Baba gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí iná jó o, ọjọ́ mẹ́ta gbáko."

Ààwẹ̀ ni baba ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí a ti ń ṣe nílé: bí ìsọjí bá gbóná, a ó kó oògùn àti ère jáde síwájú ìjọ, a ó da kẹrosíìnì sí i, orin á sọ. Ohun tí Fẹ̀sọ̀jayé gbọ́ nìyẹn. Kò bi baba léèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó já àgádágodo Lukas. Ó rò pé Morísọ́lá ṣì wà ní ìpàdé àwọn obìnrin. Ó kó àwọn ojú onígi náà jọ sórí sìmẹ́ǹtì, ó da epo sí i, ó ṣá ìṣáná, ó ń kọrin.

Igi gbígbẹ tí wọ́n ti kùn lọ́dà! Iná gbá àga mú, ó gbá táyà kẹ̀kẹ́ mú. Èéfín dúdú gba ojú àtẹ̀gùn lọ sókè bí ìgbà tí ènìyàn fà á, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni ilé náà sì ní. Fẹ̀sọ̀jayé gba ẹ̀yìnkùlé sá jáde, ó di ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó di Hamburg.

3.
"Baba, mo ti jó o!"

"O ti jó kí ni?"

"Àwọn ère yẹn. Ṣebí ẹ ní kí iná jó o."

Baba dìde fùú. "Iná àdúrà ni mo wí! Ẹ̀mí Mímọ́ ti tọrọ ìṣáná lọ́wọ́ rẹ rí?"

"Ọlọ́run ló rán mi. Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni."

Fóònù dún. Morísọ́lá ni, láti ilé ìwòsàn, ohùn rẹ̀ ti há. Ó ti padà sílé ṣáájú. Ojú fèrèsé ni panápaná ti fi àkàbà gbé e sọ̀kalẹ̀.

"Sọ fún ọlọ́pàá pé a jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì," Fẹ̀sọ̀jayé wí.

"Mi ò ní purọ́. Ìyá arúgbó ìsàlẹ̀ wa, ẹ̀rọ ló ń bá a mí báyìí. Kí wọ́n lé mi kúrò ní Germany lọ́la, mi ò ní purọ́!"

4.
Baba fúnra rẹ̀ ló mú Fẹ̀sọ̀jayé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Agbẹjọ́rò tó dúró fún un ni Jasmin, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Berlin.

"Bọ̀ọ̀dá, ilé tí èèyàn ń gbé lẹ tiná bọ̀. Òfin ò bi yín bóyá ère ni àbí àga. Kódà kó jẹ́ ẹrù tiyín, ó kéré tán, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni. Èèyàn ti wá fara pa gan-an, ó ti di méjì, ó ṣì ń gòkè. Ẹ tọrọ àforíjì, bitte, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òrìṣà?"

"Lọ́wọ́ èèyàn, Bọ̀ọ̀dá. Lọ́wọ́ èèyàn!"

Nílé ẹjọ́, adájọ́ béèrè bóyá ó kábàámọ̀. Fẹ̀sọ̀jayé na ọrùn. "Rárá. Bí mo bá tún rí i, màá tún jó o." Jasmin fọwọ́ bojú.

Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ọ́fíìsì àwọn àjòjì sì kọ̀wé pé bó bá ti kúrò níbẹ̀, kó máa lọ sílé.

Nígbà tí Morísọ́lá lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé ìwọ náà ò gbà pé Ọlọ́run ló rán mi?"

"Panápaná ni Ọlọ́run tèmi rán," ni obìnrin náà wí, ó sì dìde.

Ẹ̀yin ará, ẹ lè ní ìgbàgbọ́ mi ti tutù. Irọ́ ni! Mo ṣì ń pe iná Ẹ̀mí Mímọ́ lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó máa pa á lẹ́nu mi. Àmọ́ ẹni tó bá gbé epo wọ ilé tí ọmọ aráyé ń sùn sí, kó má dárúkọ Ọlọ́run mọ́ ọn. Ọ̀daràn ni. Bí wòlíì bá sọ̀rọ̀ tí kò yé yín, ẹ bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ìbéèrè kì í ṣe àìgbàgbọ́.

A kì í torí pé eku wọlé, ká dáná sun ilé.