Àtàǹpàkò Aláró

"Má fi ọwọ́ aró yẹn kan ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi o!"

Ọkọ mi ló ń jágbe mọ́ mi láàárọ̀, ó fẹ́ lọ sí ọ́fíìsì.

Mo fà sẹ́yìn. Mò ń pa awọ láró, mo fi ń rán báàgì tà. Aró kì í gbẹ lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo bá ti dì mú, àtàǹpàkò mi á yọ lára rẹ̀ roboto.

"Oṣù mẹ́jọ tó o ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kí lo rí mú bọ̀? Ọ̀gá ara ẹ!"

Ọjà ń tà, mi ò náwó ní ìnákúnàá, síbẹ̀ owó inú àpótí mi kì í tó ra awọ tuntun tí oṣù bá parí. Mo ti gbà pé n kò mọ owó ṣọ́. Lẹ́tà tí mo fi bẹ ibi iṣẹ́ mi àtijọ́ pé kí wọ́n gbà mí padà wà lórí tábìlì.

Ó rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ń bọ́ ẹni tó ń ṣeré."

Ó ju owó oúnjẹ sílẹ̀ níwájú mi. "Ṣà á. Owó oṣù mi nìyẹn."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á.

Àtàǹpàkò aláró kan wà lára owó kọ̀ọ̀kan, roboto.

"Dádì, láti ìgbà wo lẹ ti ń gba owó oṣù nínú àpótí mi?"

Ó sáré fẹ́ kó owó náà padà.

Mo fa lẹ́tà náà ya. Mo dìde, mo tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ àyà ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn.

"Ó dàbọ̀ o, òṣìṣẹ́."