Mọ́rẹ̀nikẹ́ Bù Mọ́ Ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ní abà kan tó ń jẹ́ Igbódẹrù, ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mọ́rẹ̀nikẹ́. Ọmọ dáadáa ni. Ó láàánú, ó sì ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tọkàntọkàn. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí. Bí òjò bá ṣú díẹ̀, á ní ìjì ń bọ̀ wá ká òrùlé lọ. Bí ewúrẹ́ kan bá wọ oko, á ní agbo ewúrẹ́ ti jẹ gbogbo ẹ̀gẹ́ tán. Àwọn ará abà a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹnu Mọ́rẹ̀nikẹ́ náà nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Akínṣọlá, ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà nígboro. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kó ráàyè wálé, àárò rẹ̀ sì ń sọ ìyá àti àbúrò rẹ̀ gan-an. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá wọn yọ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé, òkúta sì ha á lẹ́sẹ̀. Mọ́rẹ̀nikẹ́ fi omi gbígbóná wẹ ojú ọgbẹ́ náà, ó fi aṣọ dì í, ìyá sì padà sídìí ẹ̀gúsí tó ń bó. Ni Mọ́rẹ̀nikẹ́ bá gbé fóònù, ó pe Akínṣọlá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá ti ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn bí omi. Bí ẹ ò bá tètè dé, mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa bá wọn láyé."

Akínṣọlá ju ayùn sílẹ̀. Ó yá alùpùpù ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbéra nínú òjò, omijé ò sì jẹ́ kó ríran dáadáa. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀nà ti yí, tí ẹrẹ̀ pọ̀, alùpùpù yọ̀, ó dà á sílẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ kán. Àwọn tó ń kọjá ló gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi fóònù rẹ̀ pe ilé. Ìyá àti Mọ́rẹ̀nikẹ́ gbéra lọ bá a níbẹ̀.

Bó ṣe rí ìyá rẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ó bú sẹ́kún. "Ìyá mi, ẹ ṣì wà."

"Mo wà, Àlàó mi. Òkúta ló kàn ha mí lẹ́sẹ̀."

Mọ́rẹ̀nikẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Àárò yín ló ń sọ wá. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ ò ní wá."

Akínṣọlá fọwọ́ òsì ra á lórí. "Àbúrò mi, ká ní o sọ fún mi pé àárò mi ń sọ yín, ǹ bá ti wá."

Apá náà jinná, ṣùgbọ́n kò lè gbé pákó tó wúwo mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀ ló ti wá ń kan àpótí ìjókòó kéékèèké. Kò fi ọ̀rọ̀ náà bú Mọ́rẹ̀nikẹ́ rí. Síbẹ̀, bí Mọ́rẹ̀nikẹ́ bá ti rí i tó ń fi ọwọ́ òsì ran ọwọ́ ọ̀tún lọ́wọ́ láti gbé òòlù, ojú rẹ̀ á kún fómi. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí, á kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́kàn, kó tó la ẹnu.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìfẹ́ kò lè sọ àbùmọ́ di òtítọ́. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí, nítorí ẹ ò mọ irú eré tí ẹni tó gbà yín gbọ́ máa sá nítorí rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.