Orúnkún Kò Ní Aṣojú

Ìkánjú ni àbùkù ọkùnrin panápaná tí ìtàn yìí dá lé lórí. Ìbejì ni, òun ló sì kọ́kọ́ jáde, èyí ni àwọn ènìyàn fi máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé láti inú ìyá rẹ̀ ló ti ń sáré. Ayára ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Télọ̀ jẹ́jẹ́ ni ìkejì rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá wọn fi máa ń pe orúkọ méjèèjì pọ̀ kó má baà ṣì í pè.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, Ayára mọṣẹ́. Bí aago iná bá dún, òun ló ń kọ́kọ́ dé ìdí ọkọ̀, òun náà ló ń kọ́kọ́ gun àkàsọ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n dé ibi iná, kò jẹ́ kí ọkọ̀ dúró tán kó tó bẹ́ sílẹ̀. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ yí, ó sì wú títí ṣòkòtò fi há mọ́ ọn.

Dókítà ní eegun kò ṣẹ́, iṣan ló ya díẹ̀. Ó ní kó máa lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Físíò, obìnrin tí ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé. Nínú yàrá obìnrin náà, bẹ́ẹ̀dì gbọọrọ kan wà, àti àtẹ̀gùn onígi kékeré, bọ́ọ̀lù ńlá kan, àti rọ́bà gígùn tí wọ́n so mọ́ ògiri. Ẹ̀rín pa Ayára.

"Àǹtí, ṣé eré ọmọdé la máa fi wo ẹsẹ̀ ni?"

"Eré ọmọdé ni, àbúrò mi. Àgbàlagbà ló sì tètè máa ń sú."

Ó fún un ní rọ́bà kan lọ sílé. Ó ní kó máa fi ẹsẹ̀ fà á láàárọ̀ àti lálẹ́, kó máa gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀, kó má sì tíì sún mọ́ àkàsọ̀. "Ìwòsàn kì í ṣe kí ìrora lọ nìkan," ó wí. "Iṣan gbọ́dọ̀ tún lágbára láti gbé ọ dúró."

Ayára kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tí ìwú náà rọlẹ̀ tí kò dùn ún mọ́, ó so rọ́bà mọ́ ojú fèrèsé, ó ń sá ìbọ̀sẹ̀ lé e. Bí Àǹtí bá bi í, á ní, "Mò ń ṣe é dáadáa, mà."

Ìgbà náà ni ìròyìn ayọ̀ dé. Àwọn panápaná gbogbo ìlú máa díje: wọ́n á gbé họ́ọ̀sì omi lé èjìká, wọ́n á sáré gun àtẹ̀gùn ilé gíga kan dé òkè. Ọ̀gá Ayára ṣèlérí pé bí ẹgbẹ́ wọn bá borí, ẹni tó ṣáájú wọn ni òun máa fi ṣe olórí àwọn tí ń gun àkàsọ̀. Láti kékeré ni Ayára ti ń wá ipò yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn ní òun kò ní jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé Àǹtí Físíò yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ti yá.

Ayára ti ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan fò. Orúnkún gbọ̀n. Ó mọ̀ pé kò tíì tó. Kàkà kó mú rọ́bà kúrò lójú fèrèsé, ṣọ́ọ̀bù ìkejì rẹ̀ ló gbà lọ.

"Ìwọ ṣáà lọ dúró fún mi lọ́dọ̀ Àǹtí. Ojú kan náà la ní."

"Ojú ni, kì í ṣe orúnkún," télọ̀ fèsì.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àbí o fẹ́ kí ipò yẹn bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́?"

Télọ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ fún ìkejì rẹ̀. Ó wọ aṣọ panápaná, ó sì lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lójoojúmọ́ ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di akọ. Ó fò, ó lóṣòó, ó dìde. Inú Àǹtí dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́.

"Orúnkún yìí ṣe bí ẹni tí kò farapa rí. Ẹ̀yìn rẹ ló wá gan báyìí. Kí lo máa ń tẹríba lé lórí?"

"Ẹ̀rọ... ọkọ̀ ni, mà. Ọkọ̀ panápaná."

Ọjọ́ ìdíje pé, èrò kún ojú pópó. Bí fèrè ṣe dún, Ayára ti wọlé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Àwọn èrò ń rí i bó ṣe ń kọjá lójú fèrèsé kan sí òmíràn, wọ́n ń hó yèè. Àwọn yòókù ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn. Ó ku igun àtẹ̀gùn kan ṣoṣo kó dé òkè.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní igun yẹn, Ayára tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ kó lè yà, orúnkún sì dún pá. Ó ṣubú lu ẹni tó tẹ̀ lé e nínú ẹgbẹ́ wọn, ọrùn ọwọ́ onítọ̀hún yẹ̀, họ́ọ̀sì sì yí lọ sísàlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

Nígbà tí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀, Àǹtí Físíò fọwọ́ kan itan rẹ̀ tí iṣan rẹ̀ ti rọ.

"Èyí kọ́ ni orúnkún tí mo yẹ̀ wò."

Ayára ṣì ń wá irọ́ mìíràn nígbà tí télọ̀, bí Ayára kejì, la àárín èrò kọjá wá, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, omijé lójú. "Èmi ni mo wá, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ọ̀gá wo èyí, ó wo tọ̀hún.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Ayára. Ọ̀gá ní kò ní gun àkàsọ̀ mọ́ láéláé. Ẹni tí Ayára ṣubú lù náà lọ sọ́dọ̀ Àǹtí, ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe títí ọwọ́ rẹ̀ fi le, òun ni ọ̀gá sì wá fi ṣe olórí. Télọ̀ pàápàá ń lọ báyìí, lórúkọ ara rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn tó gan. Ayára ń fa rọ́bà tọkàntọkàn, ó sì ti ń rìn láìlo ọ̀pá. Ìdí tẹlifóònù ni wọ́n fi í sí. Bí aago iná bá dún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sáré jáde, òun á jókòó, á máa sọ fún ẹni tó ń ké lórí fóònù pé, "Ẹ fara balẹ̀. Wọ́n ń bọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká fi ti Ayára ṣọgbọ́n. Kí ìrora lọ kò túmọ̀ sí pé ara ti yá. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ìdárayá ìwòsàn, kó ṣe é dópin, kó sì sọ òtítọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Kò sì dìgbà tí èèyàn bá farapa kó tó bójú tó iṣan àti oríkèé tó ń bá a ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. A lè rán èèyàn lọ sọ́jà fún wa, a lè rán an lọ síbi àríyá. Ìlera kì í ṣe ohun tí à ń ránni lọ gbà.