Òkèlè Àkọ́kọ́

Nígbà tí Akínbọ́lá ru iṣu wọ àgbàlá, ìyá rẹ̀ ń wẹ Bámgbóyè lọ́wọ́. Ó kí i. Sẹ̀gilọlá dáhùn láìwẹ̀yìn.

“Gbé usu náà sẹ́bàá ààrò. Mò ń bọ̀.”

Ó fi kànrìnkàn nu ojú Bámgbóyè jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì bu àdí sí àtẹ́lẹwọ́ láti fi pa á lára. Akínbọ́lá fúnra rẹ̀ ló sọ ẹrù kalẹ̀. Ọrùn ń ro ó.

Bó ti máa ń rí nìyẹn nílé wọn ní Adó. Bámgbóyè kò lọ sóko rí. Kò pọnmi, kò ṣẹ́gi, kò sì mọ ọ̀nà ilé ìwé. Síbẹ̀, bí ìyá wọn bá gúnyán, òun ló ni òkèlè àkọ́kọ́. Bó bá ra aṣọ, ti Bámgbóyè ni yóò kọ́kọ́ gé, kó tó fi èyí tó kù dá bùbá fún Akínbọ́lá. Bámgbóyè kò dúpẹ́ rí. Ìyá Bámgbóyè ni àwọn ará ilé ń pe Sẹ̀gilọlá, nítorí pé orúkọ yẹn ló máa ń yára jẹ́.

Nígbà kan, Akínbọ́lá fi ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ han Sìmíátù, obìnrin tó ń hun ẹní ní yàrá kejì. Sìmíátù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

“Ìwọ tí irùngbọ̀n ti ń hù fún? Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ Bámgbóyè?”

“Ohun tó ń gbà.”

Ẹ̀rín náà kú mọ́ Sìmíátù lẹ́nu. Ó tẹrí ba, ó ń hun ẹní rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Akínbọ́lá yóò lọ sí Ìjàn. Ó ti ka ìwé mẹ́fà, ìjọ sì fẹ́ kó máa kọ́ àwọn ọmọdé níbẹ̀. Àpótí rẹ̀ ti wà ní dídì. Ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ó ń lọ, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Akínbọ́lá kò tíì lè sọ fún un láti ọjọ́ Ìsinmi. Tíṣà Olúgbádé, olùkọ́ rẹ̀ ní ìjọ, ti sọ fún un pé yàrá méjì ni wọn yóò fún un, pé ó lè mú ìyá rẹ̀ dání.

“Ìyá rẹ nìkan o,” ni Tíṣà wí. “Bámgbóyè kò lè wọ ilé míṣọ́nnì.”

Akínbọ́lá kò jiyàn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ojú tì í.

Ọjọ́ Ìsinmi náà gan-an ni wọ́n ka ìtàn Jákọ́bù ní kíláàsì Bíbélì. Akínbọ́lá, tí kì í sábà béèrè nǹkan, béèrè ohun tí Jákọ́bù ṣe tí Ọlọ́run fi fẹ́ ẹ ju Ésáù lọ. Tíṣà ní kò ṣe nǹkan kan. A kò tíì bí wọn nígbà tí Ọlọ́run ti yàn. Ó wù ú ni.

Lọ́jọ́ ìrìn àjò náà, Akínbọ́lá dúró títí ìyá rẹ̀ fi gúnyán tán. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ yàrá méjì náà fún un, ó ń wo ilẹ̀. Sẹ̀gilọlá ti gbé Bámgbóyè sí àyè rẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó ń tún aṣọ rẹ̀ ṣe.

“Ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ?” ó béèrè.

“Ẹ fà á lé Sìmíátù lọ́wọ́.”

“Sìmíátù kọ́ ló bí i.”

“Mo mọ̀ pé ẹ ò ní wá. Òun ni Jákọ́bù yín. Èmi ni Ésáù.”

Sẹ̀gilọlá kò mọ̀wé. Ó ní kó sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Akínbọ́lá ní ọmọ méjì ni wọ́n, inú kan náà ni wọ́n ti wá, Ọlọ́run sì yan ọ̀kan.

“Kò sọ ìdí?”

“Kò sọ.”

Sẹ̀gilọlá bu ọbẹ̀ sáwo.

“Ibà kan náà ló mú yín, lórí ẹní kan náà. Mò ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sọ́dọ̀ èkejì títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó mọ́, ìwọ lo sunkún pé ebi ń pa ọ́. Èmi náà béèrè ìdí.” Ó gbé iyán síwájú rẹ̀. “Jẹun kó o máa lọ. Ìwọ ni Ọlọ́run yàn.”

Akínbọ́lá bu òkèlè àkọ́kọ́, ó fi run ọbẹ̀, ó fi kan ẹnu ère ìbejì kékeré tí wọ́n gbẹ́ lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin Bámgbóyè, ẹnu tí òkèlè ti pa rẹ́ láti ìgbà ìkókó wọn, ó gbé àpótí rẹ̀ rù, ó sì gba ọ̀nà Ìjàn lọ.