Ọwọ́ Tí Kò Léegun

Ayàwòrán kan ń fi eegun tó kẹ́yìn, èyí tó ń mú kí àwòrán mira, sínú ọwọ́ àwòrán róbọ́ọ̀tì orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ yọjú.

"Bàbá Ìkẹ́, ta ni róbọ́ọ̀tì yín ń pè?"

"Kò pe ẹnì kankan. Ó ń juwọ́ ó dàbọ̀ sáwọn ọmọdé ni."

"Ó dàbọ̀ kọ́ o! Ó da àtẹ́lẹwọ́ dé, ó ń ká ìka wọlé. 'Máa bọ̀' nìyẹn."

Òótọ́ ni. Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó yọ gbogbo eegun náà kúrò kó lè tún un tò. Ọwọ́ tí kò léegun kì í mira.

Síbẹ̀, ìka irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọwọ́ náà rọra ká wọlé.

Kí ìyàwó rẹ̀ tó pariwo pé "Má dáhùn o!", ohùn Ìkẹ́ ọmọ wọn ti dún láti pálọ̀, bí ẹni tí wọ́n pè:

"I dey come, sa!"