Ewé Tútù Lẹ́yìn Ọkọ̀

Bọ́ọ̀sì tí mo sọ di yàrá yẹn, kò sóhun tí kò sí nínú ẹ̀. Sólà wà lórí, bátìrì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a ò bẹ iná ìjọba. Àmọ́ ríìmù mẹ́rin tó ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń wò. Ara ọkọ̀ kan tó dojú dé lọ́nà Ìgbẹ́tì ni mo ti tú wọn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń dán ni. Awakọ̀ náà ṣì wà láàyè nínú ọkọ̀, ó ń bẹ̀ mí pé kí n wá èèyàn wá.

Mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù, mò ń bọ̀." Mi ò padà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ ṣú bá èmi àti ìyàwó mi, Mosúnmọ́lá, lójú ọ̀nà yẹn kan náà. A páàkì ká lè sùn. Bátìrì kún, síbẹ̀ iná ń ṣẹ́jú. Mosúnmọ́lá yọjú lójú fèrèsé.

"Bàbá Ìbídàpọ̀, ṣé ọkọ̀ wa bàjẹ́ ni?"

"Rárá. Kí ló dé?"

"Ẹnì kan ti já ewé tútù sẹ́yìn wa, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọkọ̀ tó bàjẹ́."

Iná kú. Mo ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Mo wá gbọ́ sípánà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ọkọ̀, ó ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi tẹni tí kò kánjú. Ọkọ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa."

Ohùn kan tí mo mọ̀ dáhùn láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ ṣe sùúrù," ó ní. "Mò ń bọ̀."