Okùn Bàbá Mùráínà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé fóònù yín kalẹ̀ ná. Ní Ìdó-Ọ̀sà, ìlú kan tó wà létí ọ̀sà, olùkọ́ kan wà tó ń jẹ́ Ìṣọ̀lá. Ọmọ Òkè-Ògùn ni, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e débẹ̀. Ó mọ̀wé, ó lọ́yàyà, ó sì máa ń sáré láràárọ̀ kó tó lọ síléèwé. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ẹnu rẹ̀ kì í lè sọ pé, "Mi ò mọ̀ ọ́n." Bí ẹ bá bi í bóyá ó mọ ọ̀pẹ í gùn, á ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa.

Lọ́dún kan, ìlú pinnu láti ṣe ìdíje méjì lọ́jọ́ ọdún wọn. Èkíní ni eré ẹsẹ̀ kìlómítà mọ́kànlélógún, tí wọ́n ń pè ní ìdajì máráátọ́ọ̀nù. Èkejì ni eré alápá mẹ́ta: èèyàn á kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà fún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin mítà, á gun kẹ̀kẹ́ fún ogún kìlómítà, á wá fi ẹsẹ̀ sáré kìlómítà márùn-ún parí rẹ̀. Àárọ̀ kan náà ni méjèèjì, nítorí náà èèyàn gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Ìṣọ̀lá kò bá wọn díje rí. Eré ẹsẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Fàṣẹun, olùkọ́ bíi tirẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìlú, ló ba nǹkan jẹ́. Ó ní, "Ará òkè! Lọ sáré tìẹ lórí títì jàre. Omi inú báàfù nìkan lẹ mọ̀ lọ́hùn-ún."

Gbogbo yàrá olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ara Ìṣọ̀lá gbóná. Ó ní, "Ta lo ń bá wí? Àtikékeré ni mo ti ń lúwẹ̀ẹ́!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti forúkọ sílẹ̀ fún alápá mẹ́ta. Ó ń tu ara rẹ̀ nínú pé èyí tó kúrú nìyẹn, pé omi ibẹ̀ kò tilẹ̀ tó kìlómítà kan.

Sátidé márùn-ún ló fi lọ kọ́ lílúwẹ̀ẹ́ ní adágún òtẹ́ẹ̀lì kan. Àyà ni omi náà mu ún dé. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, á fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, á mí kanlẹ̀, á tún máa lọ. Nígbà tó ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin mítà pé lọ́nà yìí, ó gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Bàbá Mùráínà, apẹja àgbà tó ni ilé tí Ìṣọ̀lá ń gbé, rí orúkọ rẹ̀ lábẹ́ eré alápá mẹ́ta lára ògiri gbọ̀ngàn ìlú. Ó kàn ní, "Tíṣà, bá mi kó ìgèrè ẹja láàárọ̀ Sátidé." Nígbà tí wọ́n dé àárín ọ̀sà, bàbá ti ọ̀pá ọkọ̀ rẹ̀ gígùn bọ omi. Ọ̀pá wọlé tán pátápátá, kò kan ilẹ̀. Ó wá mú okùn, ó so ó mọ́ Ìṣọ̀lá níbàdí.

"Bàbá, kí ni ẹ fẹ́ fokùn ṣe?"

"Bí a ṣe ń ṣe níbí nìyẹn. A kì í bi ẹni tuntun bóyá ó mọ omi í wẹ̀, torí kò sí ẹni tó máa ní òun ò mọ̀ ọ́n. Okùn là ń so mọ́ ọn. Bàbá tèmi náà so ó mọ́ mi. Ó yá, bọ́ sómi."

Ìṣọ̀lá bẹ́ sómi. Ó kọ́kọ́ ń lọ dáadáa. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ṣe bó ṣe máa ń ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì, ó na ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Ilẹ̀ kò sí. Ó tún nà án, kò bá nǹkan kan. Omi wọ imú rẹ̀, orí rẹ̀ sì rì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, àyà mi ń já. Kíá ni bàbá fa okùn, tó sì wọ́ ọ sínú ọkọ̀ bí ẹni ń wọ́ ìgèrè.

Ìṣọ̀lá wúkọ́ títí, ó sì ń retí kí bàbá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá bọ́ bùbá rẹ̀ fún un. Ó ní, "Omi tí èmi mu lọ́jọ́ tèmi ju tìẹ lọ. Sọ fún mi wàyí, ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ló tún ń rẹ́rìn-ín. Láyé rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀run kò sì ya lulẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù igi kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó rò ó fún gbogbo yàrá olùkọ́, ó sì bẹ akọ̀wé ìdíje kó bá òun gbé orúkọ òun lọ sí eré ẹsẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Fàṣẹun fi bẹ̀rẹ̀ sí í họrí. Ó ní, "Kí lẹ rò pé ó gbé èmi ọmọ ìlú lọ sídìí kìlómítà mọ́kànlélógún? Omi yẹn náà ni mo ń sá fún o."

Lọ́jọ́ ìdíje, àwọn méjèèjì jọ sáré ni. Wọ́n rìn díẹ̀ níbi tó nira, wọ́n tún sáré. Ìṣọ̀lá ṣe ipò kẹrìnlélọ́gọ́ta, Fàṣẹun tẹ̀lé e. Bàbá Mùráínà ń dúró de Ìṣọ̀lá níbi òpin eré, okùn ń bẹ léjìká rẹ̀.

Bàbá ní, "Tíṣà, o káre. Sátidé tó ń bọ̀, omi yá."

Ìṣọ̀lá ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé okùn o."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú relé. Kò sí ìtìjú nínú kéèyàn má mọ nǹkan. Ẹni tó bá ní òun ò mọ̀ á rí ẹni kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń díbọ́n lè bómi lọ kí olùkọ́ tó dé. Ẹ mú ohun tí agbára yín ká, kí ẹ sì máa kọ́ ìyókù díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ ṣáájú mi: a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò.